Irà Kọ́ Ni, Àbàtà Ni

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ilẹ̀ Áyálàǹdì ni mo kọ́kọ́ rí ilẹ̀ tí ó ń jó.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo bá lọ. Wọ́n ń pín wa sí ilé àwọn àgbàlagbà tí ara wọn kò le mọ́, kí á máa wẹ̀ wọ́n, kí á máa se oúnjẹ wọn, kí á sì máa rí i pé wọ́n lo oògùn. Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi wà ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èèyàn sílẹ̀ kí ó tó yí padà. Màmá kan ni ó ń dá gbé níbẹ̀. Nóra ni orúkọ rẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní kí n máa pe òun ní Nóra. Ẹnu mi kò gbà á. Màmá Nóra ni mo ń pè é títí di òní.

Ní ọjọ́ náà, ó jókòó sí ìdí ààrò, ó fi aṣọ tó nípọn bo ẹsẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Òtútù ń mú ọ. Lọ sí ilé kékeré tó wà lẹ́yìn, kí o kó tọ́ọ̀fù wá, kí á dáná."

N kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ tọ́ọ̀fù. Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé kékeré náà, ilẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Ilẹ̀ dúdú gbígbẹ, tí wọ́n gé gígùn gígùn bí ọṣẹ, tí wọ́n tò dé òrùlé. Mo wá igi, n kò rí. Mo wá èédú, n kò rí. Mo padà wọlé, mo ní, "Màmá, ilẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀."

Ó ní, "Òun náà ni. Kó o wá."

Mo rò ó nínú ara mi pé orí màmá yìí ti ń dàrú, àti pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo kó díẹ̀ sínú agbọ̀n, mo gbé e wá fún un. Ó tò ó síra wọn lórí iná tó fẹ́ẹ̀ kú, ó fẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí etí ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ó sì ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èéfín rẹ̀ wọ imú mi. Kò jọ èéfín ibi tí ìyá mi ti ń yan ẹja pátápátá, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́ tó láti mú kí omi wá sójú mi.

Màmá Nóra béèrè pé, "Ṣé èéfín ni, tàbí àárò ilé?"

Mo ní, "Méjèèjì ni, mà."

Awoye ni wọ́n bí mi sí, ní etí òkun Ìlàjẹ. Òkun ni iwájú ilé wa. Ẹ̀yìn ilé wa jẹ́ omi àti ẹrọ̀fọ̀ àti àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró lókè omi bí ẹsẹ̀ akàn. Orí òpó ni a kọ́ ilé sí, pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀ ilé, pákó náà ni ọ̀nà tí a ń rìn lọ sílé ará àdúgbò. Ẹja yíyan ni ìyá mi fi tọ́ èmi àti àbúrò mi, Oríyọmí. Iye ni a ń pè é, bí a ti ń pe ìyá ní ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí mo lọ ka ìwé ní Àkúrẹ́, ọmọ inú irà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí. Wọn kò fi ṣe ìjà, wọ́n kàn ń pè é ni. Wọ́n máa ń bi mí bóyá a ń sùn pẹ̀lú ẹja. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹja kì í hanrun. Bí a ṣe ń gbé e lọ nìyẹn.

Ní Áyálàǹdì, ọ̀rọ̀ náà tún dìde. A jókòó ní yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mu tíì, ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ béèrè irú ibi tí mo ti wá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ mi fún irà nílé ìwé ni súwáǹpù, òun ni mo sì lò. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bá mi kẹ́dùn, bí ẹni pé mo sọ pé ilé wa jóná. Ó ní ṣé ọ̀nì kì í pa wá jẹ. Mo ní a máa ń rí i nígbà mìíràn. Ó gbé tíì rẹ̀, kò tún béèrè nǹkan mìíràn.

Mo sọ ọ́ fún Màmá Nóra ní ọjọ́ kejì, bí mo ti ń ya irun rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi náà, ará bọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Àwọn ọmọ ìlú máa ń sọ pé ẹsẹ̀ mi ń rùn."

"Kí ni bọ́ọ̀gì?"

Ó tọ́ka sí ojú fèrèsé. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún tí n kò kà sí nǹkankan rí, kò ní igi, kò ní ilé. Ó ní ibẹ̀ ni ilẹ̀ tó ń jó ti ń wá. Koríko tó kú sínú omi ni, tí kò rí àyè jẹrà, tó ń gorí ara rẹ̀ láti ayébáyé. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tiwa ni bọ́ọ̀gì, kì í ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yá a lọ́wọ́ wa ni. Ohun tó rọ̀ ni ó túmọ̀ sí. Kí ni ẹ̀yin ń pe tiyín?"

Mo ní, "Irà."

Ó gbìyànjú láti pè é, ó dàbí ìgbà tí èèyàn ń fọ ọ̀nà ọ̀fun. Mo ní, "Tàbí àbàtà." Èyí rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ń pè é títí mo fi di irun rẹ̀ tán.

Mo pe Iye ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìgbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ròyìn ilẹ̀ tó ń jó fún un. Ó ní, "Ilẹ̀ tó bá ń jó, epo ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣé àwọn elépo ti dé ọ̀dọ̀ wọn ni?"

Mo ní, "Rárá, Iye. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a."

Ó ní, "Kí wọ́n ṣáà máa ṣọ́ra."

Òtútù kọ́ ni ó ṣe mí jù. Aṣọ wà fún òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Awoye, òkun kì í dákẹ́. Èèyàn ń gbọ́ ọ lójú oorun, ó ń gbọ́ ọ lórí àdúrà. Ní ilé tí mo háyà yàrá sí, kò sí ohun tó ń dún. Mo máa ń ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ kí ó máa kán. Obìnrin ará Síńbábúwè tí a jọ ń gbé ilé náà máa ń tì í, èmi náà á tún ṣí i, títí ó fi bi mí léèrè lọ́jọ́ kan ohun tí omi ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé, kò tì í mọ́. Ó ní adìyẹ ni tòun, pé òun máa ń jí láti gbọ́ àkùkọ.

Mo tún máa ń kí àwọn èèyàn nínú bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kò dáa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Mo dín in kù. Awakọ̀ nìkan ni mo ń kí mọ́, nítorí òun máa ń dá mi lóhùn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe tí orí mi wú ni ẹja. Mo ra ẹja tútù ní ọjà, mo bẹ Màmá Nóra pé kí ó jẹ́ kí n yan án ní ààrò rẹ̀. Mo wá àwọ̀n irin kan, mo gbé e sókè iná tọ́ọ̀fù, mo fi abọ́ bò ó, mo sì ń ṣọ́ ọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Màmá Nóra fi ọ̀dùnkún jẹ ẹ́, ó fi ìka nu àwo. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Máíkù, tó ń gbé inú ìlú, yà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó béèrè ohun tó ń ta sánsán, ó jẹ èyí tó kù, ó sì béèrè bóyá mo máa ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo fi àwòrán ẹja náà ránṣẹ́ sí Iye. Ó pè mí padà, ó ní, "O tètè yí i. Wo bí awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe bó."

Ó dùn mọ́ mi nínú. N kò tíì rí ẹni tó bá mi wí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ ilé wa le. Olùkọ́ ni Oríyọmí, ó ń gbé ní Igbokoda pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ó ní òkun ti gbé ilé aládùúgbò wa lọ, èyí tó wà níwájú tiwa. Ilé Iye ni ó kù tó kọjú sí omi. Ó ní òun ti tún yàrá kan ṣe fún Iye ní Igbokoda, ṣùgbọ́n Iye kò gbà.

Mo ní, "Kí ni ó ní òun fẹ́ ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí á tú ilé náà, kí á kó pákó rẹ̀ lọ sẹ́yìn, lọ sínú irà. Inú irà ni Iye fẹ́ lọ kọ́lé sí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni ó máa gbọ́ tiyín."

Mo wà lẹ́yìn Oríyọmí. Mo pe Iye, mo ní Igbokoda ní ilé ìwòsàn, ó ní iná, ó ní ọjà. Iye jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní òun gbọ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, oúnjẹ ni ó máa ń bi mí.

Ní àkókò kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ń lọ ní ilé Màmá Nóra. Ìjọba ti ní kí wọ́n dẹ́kun gígé tọ́ọ̀fù ní bọ́ọ̀gì ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Wọ́n ń di àwọn kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ síbẹ̀ láti fa omi jáde, kí omi lè padà sí àyè rẹ̀, nítorí wọ́n ní gbígbẹ tí ilẹ̀ náà ń gbẹ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Máíkù wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Màmá Nóra sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ó ní, "Bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ lé omi jáde. Ọmọ mi ń gba owó oṣù láti dá a padà."

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

Ó ní, "Èmi ń mu tíì."

Ṣùgbọ́n ó fẹ́ rí i kí omi tó bò ó. Ní ọ̀sán kan tí oòrùn yọ, a jáde, òun pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà òkúta kan wà tó wọ inú bọ́ọ̀gì náà, a rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka: ibí ni wọ́n ti ń gé, ibí ni àwọn ọmọbìnrin ti ń tò ó kí ó gbẹ. Mo rí òdòdó funfun kan tó rí bí òwú, mo fẹ́ já a fún un. Ibi tí mo máa gbà tutù yọ̀yọ̀, ó tẹ́ bí ẹní. Ní ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ tó máa gbé èèyàn mì máa ń ní omi lójú, a máa ń rí i. Mo rò pé mo mọ irà. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ewé tútù náà, ẹsẹ̀ mi wọlé dé itan.

Mo fà á. Ẹsẹ̀ kejì náà wọlé.

Màmá Nóra dúró lórí òkúta, kò sún mọ́ mi, kò pariwo. Ó ní, "Má fà á. Jókòó."

"Nínú omi?"

"Nínú omi. Jókòó, kí o sùn sẹ́yìn bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Máa mi ẹsẹ̀ rẹ díẹ̀díẹ̀. Má kánjú."

Mo jókòó. Omi tútù wọ aṣọ mi dé ẹ̀yìn. Mo sùn sẹ́yìn, mo ń wo ojú ọ̀run, mo ń mi ẹsẹ̀, mo sì ń ronú bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ ní Awoye pé irà òyìnbó ni ó pa mí. Ẹsẹ̀ kan yọ. Ó na ọ̀pá sí mi kí n fi ti ara mi. Ẹsẹ̀ kejì yọ, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ kò yọ. Ó wà níbẹ̀ di òní.

A padà sílé, èmi pẹ̀lú bàtà kan, òun ń rẹ́rìn-ín débi pé mo bẹ̀rù pé èémí rẹ̀ máa dá. Ó ní kí n bọ́ aṣọ mi sílẹ̀, ó fún mi ní aṣọ ìwọ̀sùn rẹ̀. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń nu irun mi ní ìdí ààrò.

Mo pe Iye kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí mo dé ibi tí mo jókòó sínú omi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe ń di kòtò, bí wọ́n ṣe ń sanwó fún èèyàn kí omi lè padà wá.

Iye ní, "Àwọn ń wá omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí wọ́n wá bu tiwa."

A rẹ́rìn-ín papọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ń sọ pé wọ́n máa mọ odi sí etí òkun wa kí omi má baà gba ilé. N kò rí odi kankan. N kò bínú lọ́jọ́ náà, mo kàn ń rò ó pé omi kan náà ni, ẹnìkan ń pè é wá, ẹnìkan ń sá fún un, kò sì sẹ́ni tó bi omi.

Ẹ̀rín yẹn ni ó jẹ́ kí n lè béèrè ohun tí n kò tíì béèrè. Mo ní, "Iye, kí ló wà nínú irà yẹn tí ẹ fẹ́ lọ síbẹ̀?"

Ó ní, "Ta ló sọ pé irà ni? Oríyọmí ni ó ń pè é ní irà. Irà kọ́ ni, àbàtà ni. Irà ń gbé èèyàn mì. Àbàtà, èèyàn ní ń gbé inú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń bá ìyá mi ṣa ìsáwùrú níbẹ̀. Mo mọ ibi tí òpó máa dúró. Ilé tí a bí ọ sí yìí, ìgbà kẹta tí a máa gbé e sẹ́yìn nìyí, ìwọ ni o kò mọ̀. Bí omi bá ń bọ̀, a máa ń sún fún un. Ní Igbokoda, ìyàwó Oríyọmí á máa gbé oúnjẹ fún mi bí àlejò, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kí ni èmi ó máa fi ọwọ́ mi ṣe?"

Mo pe Oríyọmí, mo ní kí á jẹ́ kí ó lọ.

Inú bí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin wà ní òkèèrè. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí Iye, ta ni wọ́n máa pè? Èmi ni. Èmi ni mo máa wọ ọkọ̀ lọ gbé e."

Òótọ́ ni ó sọ, ó sì dùn mí títí dé egungun. Ẹni tó bá wà lọ́nà jíjìn, ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń dá sí i. Mo ní, "O kò purọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Lọ síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Dúró níbi tó bá ní kí o dúró. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá rì, èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún un pé kó máa bọ̀ ní Igbokoda."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ó tó pè. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mo ń lọ síbi iṣẹ́. Mo gbọ́ ohùn ẹyẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ohùn Iye tó ń sọ pé kí ó sún sọ́tùn-ún. Oríyọmí ní, "Mo dúró síbẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń fò lé e. Kò rì." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n ní oṣù tí òkun bá ń ru, ọ̀dọ̀ mi ni ó máa wà. Iye ti gbà."

Wọ́n tú ilé náà ní pákó kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kó o sínú ọkọ̀, wọ́n wà á lọ sẹ́yìn. Oríyọmí gbé fóònù sókè kí n lè máa wò ó. Mo rí ilẹ̀kùn ilé wa tó dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, Iye jókòó lé e lórí pẹ̀lú agboòrùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Kí òjò ọdún náà tó parí, òkun ti gba ibi tí ilé náà wà.

Màmá Nóra kò dúró ní tirẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ pátápátá, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún Máíkù pé kí ó wá gbé òun lọ sínú ìlú. Mo rò pé ó máa sunkún. Ó ní, "Mo ti rí i. Ó tó." Mo bá a di ẹrù, mo sì máa ń yà kí i lẹ́yìn iṣẹ́. Yàrá rẹ̀ nílé Máíkù móoru, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó sì ti mọ gbogbo ẹni tó ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọdún kẹrin ni mo tó rí àyè lọ sílé. Èmi pẹ̀lú Oríyọmí wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ní Igbokoda. Nígbà tí a sún mọ́ Awoye, mo bẹ ọlọ́kọ̀ pé kí ó rọra níbi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú omi yìí?" Oríyọmí na ìka sí ibì kan. Lẹ́yìn náà ó na án sí ibòmíràn. Ọlọ́kọ̀ rọra fún wa ní àárín méjèèjì, a sì kọjá.

Iye jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tuntun, ó ń la ẹja. Ilé méjì mìíràn ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì ti ń to pákó ìkẹta. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹja wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní mo ti sanra díẹ̀, ó sì dáa.

Ó ní, "Ìgbà wo ni o ń padà?"

Mo ní, "Oṣù tó ń bọ̀."

Ó mi orí. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí pákó kí n lè rí àyè jókòó, ó sì ti abọ́ ẹja sí àárín wa. Ó ní, "Ọ̀bẹ wà lẹ́yìn rẹ. Jẹ́ kí á parí rẹ̀ kí omi tó kún."